Epo Dà Sí Ara Ọkọ̀ Mi: Ìbéèrè Táwọn Oníbàárà Máa Ń Bi Mí Ní Kubwa

Iṣẹ́ fífọ ọkọ̀ àti dídán ọ̀dà rẹ̀ ni mò ń ṣe ní Kubwa, l'Àbújá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Tí ìlà bá ti gùn nílé epo, mo ti mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú ẹnì kan á wọlé wá, á na ìka sí abẹ́ ìdérí táǹkì, á ní, "Bọ̀dá, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ọkọ̀ mi ṣe." Mo ti dáhùn ìbéèrè kan náà títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. Mo bá kúkú kọ wọ́n sílẹ̀.

Epo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sí ara ọkọ̀ mi báyìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Omi ni. Ẹ má nù ún o. Ẹ sún ọkọ̀ kúrò nídìí pọ́ǹpù, ẹ ra omi ọ̀rá méjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kiri, ẹ já igun rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kó máa ṣàn láti òkè ibi tí epo ti dà wá sí ìsàlẹ̀. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló máa ń léfòó sí, nítorí náà omi tó ń ṣàn ló máa gbé e lọ. Ìdajì jálá ló wà nínú omi ọ̀rá kan. Méjì ti tó fún ohun tó sábà máa ń ta sí ara ọkọ̀.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi ọṣẹ ìfọkọ̀ àti omi púpọ̀ fọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, torí omi lásán ò lè kó gbogbo ọ̀rá tí epo fi sílẹ̀. Tí kò bá sí omi lọ́wọ́ rárá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn Àbújá á gbé bẹntiróòlù fò lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tó máa kù ni àbàwọ́n fẹ́lẹ́ tó pọ́n bí omi tíì, a sì lè fọ ìyẹn.

Ìwọ̀nba tó ta sí ara ọkọ̀ ni mò ń sọ o. Èyí tó bá ṣàn sílẹ̀ di ọ̀gbàrá, ìdáhùn tirẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Ọmọ ilé epo ti fi àkísà nù ún kí n tó sọ̀rọ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi pé epo ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́, àkísà ló bà á jẹ́.

Ẹ wo eruku ìlú yìí. Láti bí oṣù Bélú títí wọ Èrèlè, ọyẹ́ á máa gbé eruku wá láti aṣálẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ọ̀nà ilẹ̀ Chad. Yanrìn tó kúnná bí àtíkè ni, ó sì le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ láti Nyanya dé Berger láàárọ̀, á ti bò ó. Èkejì ni pé wáàsì tó wà lójú ọ̀dà ló ń jẹ́ kí nǹkan máa yọ̀ kọjá lórí rẹ̀, bẹntiróòlù sì máa ń yọ́ wáàsì lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí epo bá ti yọ́ ọ, tí ẹnì kan wá mú àkísà tó ti ń nu ẹnu pọ́ǹpù láti àárọ̀, tó fi ń ha eruku náà mọ́ ọn, sáńpépà ló fi ń ha ọkọ̀ yín yẹn.

Èmi tí mò ń kọ èyí, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Nínú ọyẹ́ ọdún 2019, mo lọ ra epo sínú Corolla dúdú mi. Ọmọ náà rọ ọ́ títí ó fi pọ̀ jáde. Ojú tì í, ó yára fa aṣọ kan yọ lápò ẹ̀yìn, aṣọ tó dà bíi pé àwọ̀ ewé ló ní nígbà kan rí, ó sì nu ibẹ̀ roboto-roboto títí ó fi gbẹ. Mo ní "Na gode", mo tún fún un ní igba náírà. Ìgbà tí mo délé lálẹ́, tí mo tan iná fóònù sí i, ni mo tó rí i: ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn, láti ìdérí táǹkì títí dé iná ẹ̀yìn. Epo ti lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Igba náírà mi àti àkísà ló ṣiṣẹ́ náà. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọ́ńpáùn, ìyẹn ohun ìpara tí a fi ń dán ọ̀dà, bá a jà, èmi tí mo ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn kí n lè kọ́ wọn pé kí wọ́n má nu ọkọ̀ gbẹrẹfu.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí i tó ń fa aṣọ yọ, ẹ tètè ní, "Fi í sílẹ̀, mo ní omi."

Ṣé bẹntiróòlù lè jẹ ọ̀dà ọkọ̀ ni àbí kò lè jẹ ẹ́?

Ọ̀dà wo? Ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ fi kun ọkọ̀, inú ààrò ni wọ́n ti yan án, ooru rẹ̀ máa ń tó bí 140 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Lókè gbogbo rẹ̀ ni kílíà wà, ìyẹn èyí tí kò láwọ̀, tó ń dán. Epo tó ta sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan kò ní ṣe é ní nǹkan kan ju kó yọ́ wáàsì rẹ̀ lọ. Àmọ́ tó bá ń kán sí ojú kan náà lọ́sẹ̀ dọ́sẹ̀, tí ẹ kò fọ̀ ọ́, kílíà á ṣú, á sì máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ẹ rántí pé gbogbo ọ̀dà náà lápapọ̀ kò nípọn ju abala ìwé kan tàbí ọ̀kan àbọ̀ lọ.

Èyí tí péńtà kùn lábẹ́ igi máńgòrò yàtọ̀. Tó bá lo ọ̀dà tí wọ́n ń da hádínà, èròjà tó ń mú kó le, pọ̀ mọ́, tó sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó lè fara da epo. Tó bá jẹ́ sẹ́lúlóòsì lásán ni, ìyẹn ọ̀dà tí kò gba hádínà, tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló ń yọ́ ọ, bẹntiróòlù sì bá tínà tan. Á rọ̀, á wú, tí ẹ bá sì fi ọwọ́ kàn án, ìka yín á hàn níbẹ̀. Ẹ lè dán an wò: ẹ fi òwú kan tínà díẹ̀, ẹ fi pa inú ibi tí ìdérí táǹkì ń bò, níbi tójú ò tó. Tí àwọ̀ ọkọ̀ bá bá òwú jáde, tàbí tí ibẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ ti mọ irú ọ̀dà tẹ́ ẹ ní.

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ẹ ṣọ́ ọ gan-an fún oṣù kan. Kò tíì gbẹ tán nínú, bó ti wù kó dán tó lójú.

Fọ́ọ̀sì bọ́dì lọkọ̀ mi, tòkunbọ̀ tí wọn ò tíì kùn rí. Kí ló dé tí ojú ibẹ̀ fi ń ṣẹ́ jọ?

Hmm. Alàgbà kan gbé ọkọ̀ wá bá mi pẹ̀lú irú ìbéèrè yìí, ọ̀nà Zuba ló ti rà á, wọ́n sì búra fún un pé fọ́ọ̀sì bọ́dì ni. Mo da omi sí i, mo fọ̀ ọ́, mo fi ìka tẹ ibẹ̀. Ọ̀dà náà rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Mo bá ṣí ìdérí táǹkì, mo sì fi ibi tí ọ̀dà tuntun parí sí hàn án, ètí rẹ̀ là gbàgàdà lára rọ́bà. Wọ́n ti tún ìhà yẹn ṣe kí ọkọ̀ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyàwó mi."

Bẹntiróòlù kì í purọ́. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ kì í ṣẹ́ jọ nítorí epo ọjọ́ kan.

Àbàwọ́n náà ti pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣé ó ṣì lè kúrò?

Ó sábà máa ń kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fọ ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá yí ojú sí i láti ẹ̀gbẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀. Tí ó bá kù bí òrùka pípọ́n, ẹ mú kọ́ńpáùn tó kúnná jù, kì í ṣe èyí tó ki bí iyanrìn, ẹ fi díẹ̀ sí aṣọ tó rọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ rọra pa á ní ìlà tààrà. Ẹ má fi ẹ̀rọ ṣe é tí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀rọ á gbẹ́ kílíà débi tí kò ní sí mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wáàsì sí i. Abẹ́ òjìji ni kí ẹ ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ara ọkọ̀ tó gbóná nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà, kọ́ńpáùn á gbẹ mọ́ ọn kí ẹ tó nu ún.

Tí ó bá ti rọ̀ tàbí tó ti wú, kọ́ńpáùn ò sí níbẹ̀. Ẹ lọ bá péńtà.

Ṣé kí n lo ọṣẹ ìfọṣọ, ọṣẹ ìfọyín, tàbí ọṣẹ ìfọwo?

Ọṣẹ ìfọwo, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò bá sí òmíràn. Ó máa ń kó wáàsì lọ, nítorí náà ẹ fi wáàsì tuntun sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀ẹ̀fun, rárá. Ọṣẹ ìfọyín, ìyẹn kúkú ń ha nǹkan. Eyín ni wọ́n ṣe é fún.

Kí ló tilẹ̀ ń fa dídà epo yìí lójoojúmọ́? Ṣé àwọn ọmọ ilé epo ò mọ iṣẹ́ ni?

Àwa náà jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ẹnu pọ́ǹpù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ihò kékeré kan wà ní góńgó rẹ̀. Nígbà tí epo bá ń ṣàn, afẹ́fẹ́ ń gba ihò yẹn wọlé. Bí epo inú táǹkì bá gòkè dí ihò náà, afẹ́fẹ́ ò lè wọlé mọ́, ìfàmọ́ra á ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, yóò sì já ọwọ́ pọ́ǹpù fúnra rẹ̀: "ká!" Ká àkọ́kọ́ yẹn, táǹkì ti kún nìyẹn. Kò sí ìkejì.

Ṣùgbọ́n mítà wà ní 28,640 náírà, ọmọ náà sì fẹ́ kó pé 29,000 gééré kó má baà wá ṣẹ́ńjì kiri. Ó tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà náà dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fi ìbàdí mi ọkọ̀ jìgìjìgì kí epo lè rìn wọlé. Mo mọ ohun tó fà á. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ lóṣù Èbìbí 2023, tí jálá kan sì ti kọjá 1,000 náírà l'Àbújá lóṣù Ọ̀wàrà 2024, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí táǹkì ṣófo nígbà tó bá ti to ìlà wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n mímì tí ẹ ń mi ọkọ̀, ó kàn ń jẹ́ kí epo fò sókè ni.

Ewu mìíràn tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Epo máa ń wú nínú ooru. Tí 50 jálá bá gbóná sí i ní ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì mẹ́wàá, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì jálá wú, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó omi ọ̀rá kan. Ẹ kún un dé ẹnu, ẹ gbé e sínú oòrùn ní Wuse, níbo lẹ fẹ́ kí omi ọ̀rá yẹn gbà? Ọkọ̀ ayé òde òní tún ní agolo èédú kan tó ń fa ooru epo, ìyẹn epo tó ti di afẹ́fẹ́, mu kó má baà jáde síta. Tí epo ṣíṣàn bá wọ inú rẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn níwájú yín.

Ohun tí èmi ń ṣe ni pé mi ò kí í pe "fúùlù táǹkì". Iye owó ni mo ń pè, mo sì ń pe èyí tí mo mọ̀ pé kò ní kún un. Pọ́ǹpù á dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó bá pé.

Wọ́n ní kí a máa ra epo láàárọ̀ kùtù, pé ó máa ń ki nígbà tútù. Ṣé òótọ́ ni?

Abẹ́ ilẹ̀ ni táǹkì ilé epo wà, ibẹ̀ kì í gbóná tàbí tutù bí ojú ọjọ́ òkè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ lọ láàárọ̀ nítorí ìlà.

Ṣé fóònù lè dá iná sílẹ̀ nílé epo?

Ẹ pa á mọ́, torí ẹni tó ń tẹ fóònù kì í gbọ́ "ká!" Ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń bẹ̀rù jù lásìkò ọyẹ́ ni iná tó ń gbé lára èèyàn. Ẹ mọ bí ṣúwẹ́tà ṣe máa ń ta pàràpàrà tí ẹ bá ń bọ́ ọ nínú òkùnkùn? Irú rẹ̀ ni. Ẹ jókòó sí àga ọkọ̀, aṣọ ń ha àga, ẹ dìde, ó ti gun ara yín. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìdérí táǹkì, ẹ fọwọ́ kan irin ara ọkọ̀ níbi tó jìnnà sí i, kí ẹ má sì tún wọlé jókòó títí wọ́n á fi rọ ọ́ tán.

Kódà níbi tí òtútù ti ń sọ omi di yìnyín, bẹntiróòlù ń tú ooru tó lè gbaná, ojú ò sì lè rí i. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin, ilẹ̀ ló máa ń rìn, ó lè rìn títí dé ibi tí oníṣuyà ń dáná sí.

Tó bá wá ṣàn sílẹ̀ púpọ̀ ńkọ́?

Ẹ má tan ọkọ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ ilé epo kí wọ́n pa pọ́ǹpù, kí wọ́n da yanrìn sí i. Garawa yanrìn ń bẹ níbẹ̀ nítorí èyí. Kì í ṣe omi, torí omi á kàn gbé epo náà rìn ni. Kí gbogbo yín ti ọkọ̀ kúrò, kí ẹ tó tan án. Tí iná bá sọ ní ẹnu táǹkì, ẹ má fa ẹnu pọ́ǹpù yọ: ẹ ó kàn tú epo oníná ká ni. Ẹ sá, ẹ kígbe kí wọ́n pa á láti ọ̀nà jíjìn, ẹ pe 112.

Epo wọ́n, mo sì ra èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì. Ó dà sí ara ọkọ̀ láti ẹnu àrọ.

Omi, bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó pọ̀ ju omi ọ̀rá méjì lọ. Àrọ tí wọ́n gé lára ìgò rọ́bà kì í dúró, ìdà rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú omi sí abẹ́ ẹnu táǹkì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé ẹ ò mọ ohun tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀ tilẹ̀ wọ àwọn ilé epo pàápàá, kò sì bá rọ́bà inú ọkọ̀ lára mu.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu fa epo láti inú ọ̀pá rọ́bà. Tí ọmọdé tàbí àgbà bá sì gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má jẹ́ kó bì. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn ìyá wa máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń bì ni bẹntiróòlù ń gbọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró wọlé, ibẹ̀ ló sì ti ń pani. Ilé ìwòsàn, kíá.

Kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ dà sínú búùtù. Òórùn rẹ̀ ò lọ.

Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì jáde sínú oòrùn, ẹ má tan iná tàbí ẹ̀rọ kankan nínú ọkọ̀ náà títí òórùn líle yẹn á fi kúrò. Ẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ wọ́n sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì sí i, kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Nígbà mìíràn, tí ẹ bá fẹ́ rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ẹ má ṣe rọ ọ́ nínú búùtù.

Kóótà títì lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ mi. Ṣé kí n fi bẹntiróòlù nù ún?

Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní ṣe é. Ẹ fi òróró ìdáná díẹ̀ pa á, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rọ̀. Ẹ rọra kó o kúrò, kí ẹ fọ òróró náà dànù pẹ̀lú ọṣẹ kí eruku má baà gbà á mọ́ra.

Ṣé kí n ní kí ọmọ tó da epo sí mi lára ọkọ̀ san owó rẹ̀?

Iye wo lẹ rò pé wọ́n ń san fún un lóṣù? Ẹ sọ fún un pé kó dúró ní ká àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ ó tún padà wá ra epo lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun náà ló sì máa mú ẹnu pọ́ǹpù dání.

Ọwọ́ mi ṣì ń rùn bẹntiróòlù.

Ẹ fi iyọ̀ àti òróró díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí ẹ tó fi ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣan án. Kí ẹ má tíì lọ sídìí iná gáàsì.